Láti business name di Limited: ìwé CAC nìkan kọ́ ló ń gbé òwò

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní òwò kékeré ló gbà pé bí àwọn bá ti sanwó fún CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò àti kọ́ńpánì sílẹ̀, tí ìwé tuntun tó ní "Limited" lẹ́yìn orúkọ sì ti jáde, òwò àwọn ti di kọ́ńpánì nìyẹn. Wọ́n á fi ìwé náà sínú férémù, wọ́n á gbé e kọ́ ara ògiri, iṣẹ́ á sì máa lọ bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀: àkáǹtì àtijọ́, rìsíìtì àtijọ́, ọkọ̀ tó ṣì wà lórúkọ ọ̀gá. Lójú òfin, kò tíì sí ohun kan tó kúrò níbi tó wà. Kọ́ńpánì tuntun ti wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Òwò tó ń mówó wọlé ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, tòun ti gbogbo gbèsè rẹ̀. Láàárín ìwé yẹn àti òwò gan-an ni wàhálà máa ń wà, mo sì ti rí i tó ń kó bá àwọn èèyàn tó ṣiṣẹ́ kára tó bẹ́ẹ̀ tí inú mi kì í dùn sí i.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí business name. Kì í ṣe ẹ̀dá kan lọ́tọ̀ lójú òfin. Orúkọ tí èèyàn fi ń ṣòwò ni. Ká ní ìyá kan wà ní Àkúré tó ní ilé búrẹ́dì, tó sì ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC gẹ́gẹ́ bíi business name. Ìyá yẹn fúnra rẹ̀ ló ni ààrò búrẹ́dì. Òun ló jẹ àwọn tó ń ta fuláwà lówó. Bí búrẹ́dì bá da inú oníbàárà rú, òun ni wọ́n máa pè lẹ́jọ́. Bí òwò náà bá sì dẹnu kọlẹ̀, àwọn tó jẹ ní gbèsè lè gba ilé ẹjọ́ lọ, kí wọ́n sì lé gbèsè náà dé orí ilé tó ń gbé àti ọkọ̀ tó fi ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé. Kò sí ògiri kankan láàárín òun àti òwò rẹ̀.

Kọ́ńpánì yàtọ̀ sí ìyẹn. Láti ọjọ́ tí CAC bá ti fún un ní ìwé ẹ̀rí, òfin kà á sí ẹni kan tó dá dúró: ó lè ní dúkìá, ó lè jẹ gbèsè, ó lè pe èèyàn lẹ́jọ́, kì í sì í bá ẹni tó dá a sílẹ̀ kú. Gbèsè rẹ̀ kì í ṣe gbèsè àwọn onípìn-ín, ìyẹn àwọn tó ra ìpín nínú rẹ̀. Bí ìyá wa bá gba ìpín mílíọ̀nù kan ní náírà kọ̀ọ̀kan, tó sì ti sanwó wọn tán, ohun tó lè bá kọ́ńpánì náà lọ lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju mílíọ̀nù náírà yẹn. Bí kò bá tíì san án tán, ìyókù owó ìpín rẹ̀ nìkan ni wọ́n lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹjọ́ tó fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ jẹ́ ti ọkùnrin kan tó ṣe ohun tí à ń sọ yìí gan-an. Aron Salomon ń ṣe bàtà tà ní Whitechapel, ní ìlú London. Ní 1892 ó dá kọ́ńpánì sílẹ̀, ó sì ta òwò rẹ̀ fún un ní nǹkan bíi 39,000 pọ́n-ùn. Òfin ìgbà yẹn ní kí àwọn tó máa dá kọ́ńpánì sílẹ̀ pé méje, nítorí náà ìyàwó rẹ̀ àti márùn-ún nínú àwọn ọmọ rẹ̀ mú ìpín kọ̀ọ̀kan, òun fúnra rẹ̀ mú 20,001. Nínú owó tí kọ́ńpánì yẹ kó san fún un, ó kọ 10,000 pọ́n-ùn sílẹ̀ bí ẹ̀yáwó, ó sì fi dúkìá kọ́ńpánì ṣe ìdúró rẹ̀. Kò pẹ́ tí kọ́ńpánì náà fi wọ gbèsè. Nígbà tí dúkìá kò tó láti san fún gbogbo ènìyàn, wọ́n pe Salomon lẹ́jọ́, wọ́n ní òun àti kọ́ńpánì yẹn kò yàtọ̀ síra, kó wá san gbèsè náà. Àwọn ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. House of Lords, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, kò gbà. Ní November 1896 wọ́n dájọ́ pé kọ́ńpánì ni kọ́ńpánì, Salomon ni Salomon. Àwa náà jogún ìlànà yìí nínú òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún wa, òun sì ni òfin kọ́ńpánì wa dúró lé dòní.

Ohun kan wà nínú ẹjọ́ yẹn tí àwọn tó ń rántí rẹ̀ sábà máa ń fò. Salomon *ta* òwò rẹ̀ fún kọ́ńpánì. Àdéhùn wà, iye owó wà, ó sì hàn kedere ohun tó kúrò lọ́wọ́ ọ̀kan bọ́ sọ́wọ́ èkejì. Ká ní ó kàn gba ìwé ẹ̀rí kọ́ńpánì tó sì ń bá òwò rẹ̀ lọ lórúkọ ara rẹ̀ ni, ìdájọ́ yẹn kì bá tí ràn án lọ́wọ́ rárá.

Ọ̀nà méjì ni òwò máa ń gbà yí ipò padà lábẹ́ òfin, àìmọ ìyàtọ̀ wọn ló sì ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Ọ̀nà kìíní ni ti kọ́ńpánì tó ti jẹ́ kọ́ńpánì tẹ́lẹ̀, tó kàn fẹ́ yí irú kọ́ńpánì tó jẹ́ padà. MTN Nigeria ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2019: Limited ni tẹ́lẹ̀, ó di PLC, ìyẹn kọ́ńpánì tí gbogbo èèyàn lè ra ìpín rẹ̀, wọ́n sì gbé ìpín rẹ̀ lọ sí ọjà ìpín ìdókòwò ní ìlú Èkó lóṣù May ọdún náà. Nínú irú àyípadà yìí, àwọn onípìn-ín á ṣe ìpàdé, wọ́n á fẹnu kò pẹ̀lú ìbò ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, CAC á sì fún wọn ní ìwé tuntun. Kọ́ńpánì kan náà ni. Gbèsè rẹ̀ dúró síbi tó wà, àdéhùn rẹ̀ dúró, ẹjọ́ tó wà ní kóòtù ń lọ lórúkọ rẹ̀ tuntun. Ẹnikẹ́ni kò nílò láti gbé ohunkóhun.

Ọ̀nà kejì ni ti ìyá oníbúrẹ́dì wa. Business name kì í ṣe kọ́ńpánì tí a lè yí irú rẹ̀ padà. Ohun tí CAC máa ń ṣe ni pé ó máa ń forúkọ kọ́ńpánì tuntun sílẹ̀, tó ní nọ́ńbà RC tirẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ kọ́ńpánì, ó sì máa ń jẹ́ kí kọ́ńpánì náà lo orúkọ tó wà lórí business name nítorí pé ẹni tó ni orúkọ náà fọwọ́ sí i. Nọ́ńbà BN àtijọ́, ti business name, kì í di nọ́ńbà RC. Ọmọ tuntun tí a bí sínú ilé ni kọ́ńpánì yìí. Orúkọ bàbá rẹ̀ ló ń jẹ́, ṣùgbọ́n oko bàbá kò tíì di tirẹ̀ àfi bí bàbá bá fún un.

Òfin tó ń ṣàkóso gbogbo èyí ní Nàìjíríà ni òfin kọ́ńpánì ti 2020, tí àwọn èèyàn ń pè ní CAMA, èyí tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní August 2020. Òfin yìí mú nǹkan rọrùn fún àwọn kékeré ju ti 1990 tí òun rọ́pò lọ. Tẹ́lẹ̀, ènìyàn méjì ó kéré tán ló lè dá kọ́ńpánì sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń kọ orúkọ àbúrò tàbí ìyàwó tí kò mọ nǹkan kan nípa òwò náà. Ní báyìí ẹnì kan ṣoṣo lè dá kọ́ńpánì aládàáni sílẹ̀. Owó ìpín rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ₦100,000. Bí kọ́ńpánì náà bá kéré, tó jẹ́ pé ohun tó ń tà lọ́dún kò ju mílíọ̀nù 120 náírà lọ, tí dúkìá rẹ̀ lẹ́yìn gbèsè kò ju mílíọ̀nù 60 lọ, tí kò sí àjèjì tàbí ìjọba nínú àwọn onípìn-ín, tí àwọn dáírẹ́kítọ̀ fúnra wọn sì mú ó kéré tán ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún ìpín, dáírẹ́kítọ̀ kan ti tó, kò pọn dandan kó ní akọ̀wé kọ́ńpánì, wọn kò sì ní fi dandan mú un pé kó gba àwọn olùyẹ̀wéwò láti ṣàyẹ̀wò ìṣirò owó rẹ̀. Fún àwọn tí ìjọṣepọ̀ wọn pọ̀, òfin náà tún mú irú ẹgbẹ́ oníṣòwò tí wọ́n ń pè ní LLP wọlé, níbi tí ẹni méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti lè ṣòwò pọ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan á fi ilé rẹ̀ san gbèsè ẹnì kejì. Ó dára fún àwọn lọ́yà àti àwọn oníṣirò owó. Fún ilé búrẹ́dì, Limited ló sábà máa ń yẹ jù.

Ní báyìí, bí a ṣe ń gbé òwò wọlé. Ìtàn kejì tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jẹ́ ti Macaura, ọkùnrin kan tó ní oko igi ńlá ní Tyrone, ní Ireland. Ó ta gbogbo igi orí ilẹ̀ rẹ̀ fún kọ́ńpánì kan, wọ́n sì fi ìpín 42,000 san án padà fún un. Òun àti àwọn aṣojú rẹ̀ ló ni gbogbo ìpín kọ́ńpánì náà. Lẹ́yìn náà ó ra adójútòfò lórí igi náà, ṣùgbọ́n orúkọ ara rẹ̀ ló lò, kò lo ti kọ́ńpánì. Ní February 1922 iná jó igi náà run. Àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní àwọn ò ní san, torí pé igi náà kì í ṣe tirẹ̀ mọ́, ti kọ́ńpánì ni. Ó lọ títí dé House of Lords, wọ́n sì dá a lẹ́bi ní 1925. Kò sí ẹlòmíì tó ní kọ́ńpánì yẹn, síbẹ̀ kò rí owó gbà. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá rí oníṣòwò tó ti di Limited tí ìwé adójútòfò ọkọ̀ rẹ̀ ṣì wà lórúkọ business name, ẹjọ́ yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Nítorí náà, ìwé tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀ràn yìí kì í ṣe ìwé CAC. Ìwé àdéhùn títà òwò ni, láàárín ìyá wa gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni business name àti kọ́ńpánì tuntun. Kí wọ́n to ohun tí ó ń tà sínú rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ààrò, ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun, jẹnẹrétọ̀, ọkọ̀ tó ń pín búrẹ́dì, àpò fuláwà tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, owó tí àwọn oníbàárà jẹ ẹ́, orúkọ tí àwọn èèyàn mọ búrẹ́dì náà sí. Kí iye wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó mọ owó ọjà bá a fojú díwọ̀n wọn. Kí ó sì hàn bí kọ́ńpánì ṣe máa sanwó: ìpín ni yóò fún un, àbí gbèsè tí yóò máa san díẹ̀díẹ̀. Èmi fẹ́ràn kí apá kan jẹ́ ìpín kí apá kan jẹ́ gbèsè, torí owó tí kọ́ńpánì bá fi san gbèsè rẹ̀ padà fún yín kì í ṣe owó oṣù, kì í ṣe èrè, owó yín ló ń padà bọ̀. Kí wọ́n fi òǹtẹ̀ ìjọba sórí àdéhùn náà, torí ilé ẹjọ́ kì í gba ìwé tí wọn kò tíì san owó òǹtẹ̀ lé lórí.

Lẹ́yìn àdéhùn, dúkìá kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ̀rọ àti fuláwà kò ní wàhálà. Bí àdéhùn bá ti sọ pé ó ti tà wọ́n, ó ti tà wọ́n. Ọkọ̀ ní ìwé, ẹ lọ yí orúkọ padà ní ọ́fíìsì tó ń fúnni ní ìwé ọkọ̀. Nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára ọ̀rá búrẹ́dì so mọ́ ẹni tó gbà á. Ẹ lọ bá NAFDAC kí wọ́n gbé e sí orúkọ kọ́ńpánì kí ẹ tó tẹ ọ̀rá tuntun. Bí ẹ bá ti fi àmì orúkọ ọjà yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, òun náà gbọ́dọ̀ yí ọwọ́. Ìwé ìyálò ṣọ́ọ̀bù ń fẹ́ kí onílé fọwọ́ sí i, ẹ má sì rò pé yóò ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Ilẹ̀ ló le jù. Òfin ilẹ̀ ti 1978 sọ pé ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ tí gómìnà fún un kò lè gbé e fún ẹlòmíì láìgba àṣẹ gómìnà, kọ́ńpánì tí ẹ dá sílẹ̀ fúnra yín sì ni "ẹlòmíì" nínú ọ̀ràn yìí. Àṣẹ yẹn ń náni lówó, ó sì ń gba àkókò. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló máa ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ lórúkọ ara wọn kí kọ́ńpánì máa san owó ìlò fún wọn, mo sì gbà pé ó bọ́gbọ́n mu fún òwò tí kò tíì dàgbà, nítorí bí kọ́ńpánì bá ṣubú, ilẹ̀ kò ní bá a lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí lọ́yà bá yín kọ ìwé ìlò náà, torí òfin yẹn kan náà dárúkọ ìyálò ilẹ̀ pẹ̀lú.

Gbèsè kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ lè gbé dúkìá yín fún ẹni tó bá wù yín, ẹ kò lè gbé gbèsè yín fún ẹlòmíì àfi bí olówó bá fọwọ́ sí i. Bí ìyá wa bá jẹ oníṣòwò fuláwà ní mílíọ̀nù 3 náírà kó tó di Limited, òun ló ṣì jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì, bí àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú kọ́ńpánì tilẹ̀ sọ pé kọ́ńpánì ni yóò san án. Àdéhùn yẹn so òun àti kọ́ńpánì pọ̀. Oníṣòwò fuláwà kò sí níbẹ̀. Ohun tó yẹ ni kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí ìwé kan tó sọ pé kọ́ńpánì ló jẹ gbèsè náà báyìí, wọ́n sì ti dá ìyá náà sílẹ̀. Báńkì kì í sábà gbà bẹ́ẹ̀. Báńkì á ní kí kọ́ńpánì gba ẹ̀yáwó tuntun, kí ìyá náà sì ṣe onídùúró rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fọwọ́ sí ìwé onídùúró, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín wó ògiri tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ, lórí gbèsè yẹn. Mi ò sọ pé kí ẹ má fọwọ́ sí i, nígbà mìíràn kò sí ọ̀nà mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n kọ iye tí ìdúró náà kò gbọ́dọ̀ kọjá síbẹ̀, àti ọjọ́ tí yóò parí.

Bákan náà ni ti àdéhùn tí èèyàn ṣe lórúkọ kọ́ńpánì kí CAC tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Òfin gbà kí kọ́ńpánì tẹ́wọ́ gbà á lẹ́yìn tó bá ti wà. Kó tó tẹ́wọ́ gbà á, ẹni tó ṣe àdéhùn náà ló so mọ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ ni àwọn tí wọ́n máa ń gbàgbé jù. Òfin òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ní abala kẹwàá sọ pé a kò lè gbé òṣìṣẹ́ láti ọwọ́ agbanisíṣẹ́ kan sí òmíràn àfi bí òṣìṣẹ́ náà bá gbà, kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀ràn iṣẹ́ sì fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Àwọn tó ń po ìyẹ̀fun lóru, tí wọ́n ti bá ìyá náà ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò yẹ kí wọ́n jí lọ́jọ́ kan kí wọ́n di òṣìṣẹ́ tuntun tí kò ní ọdún kankan lẹ́yìn. Kí lẹ́tà tuntun sọ ọ́ kedere pé ọdún tí wọ́n ti lò ń bá wọn bọ̀. Bí iye àwọn òṣìṣẹ́ bá sì ti pé 15, owó ìfẹ̀yìntì ti di dandan lábẹ́ òfin ti 2014: ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún látọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́, ìdá 8 látọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́.

Wàyí o, owó orí, torí òun ni ọ̀pọ̀ ń tìtorí rẹ̀ sáré di Limited. Òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1, 2026 sọ pé kọ́ńpánì tí ohun tó ń tà lọ́dún kò ju mílíọ̀nù 100 náírà lọ, tí dúkìá rẹ̀ tó dúró, bí ilé àti ẹ̀rọ, kò sì ju mílíọ̀nù 250 lọ, kò ní san owó orí kọ́ńpánì rárá. Àwọn tó ń ta ìmọ̀ iṣẹ́ bíi lọ́yà kò sí nínú àǹfààní yìí. Ẹni tó ń lo business name, owó orí tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ló ń san fún ìjọba ìpínlẹ̀. Bí ìyá wa bá jèrè mílíọ̀nù 6 lọ́dún, ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí, mílíọ̀nù 2.2 tó tẹ̀lé e jẹ́ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ₦330,000. Mílíọ̀nù 3 tó kù jẹ́ ìdá 18, ìyẹn ₦540,000. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦870,000, kí a tó yọ àwọn ìdínkù tí òfin fàyè gbà. Bí ó bá di Limited, kọ́ńpánì kò san nǹkan kan lórí mílíọ̀nù 6 yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Owó yẹn ti di ti kọ́ńpánì. Bí ìyá wa bá fẹ́ ná an nílé, ó gbọ́dọ̀ gbà á bí owó oṣù, bí èrè ìpín, tàbí bí gbèsè tí kọ́ńpánì jẹ ẹ́. Bí ó bá san ₦500,000 fún ara rẹ̀ lóṣù, mílíọ̀nù 6 náà ló gbà lọ́dún, ₦870,000 kan náà ni ìpínlẹ̀ yóò sì yọ nínú owó oṣù rẹ̀. Bí ó bá gbà á bí èrè ìpín, wọn yóò yọ ìdá 10 kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Owó tó bá dúró sínú òwò, tó fi ra ààrò kejì, ni àǹfààní yìí wà fún ní tòótọ́. Ẹni tó ń ná gbogbo èrè òwò rẹ̀ nílé kò ní rí ìyàtọ̀ púpọ̀, yóò sì tún máa ru ẹrù ìwé méjì: ti kọ́ńpánì fún àjọ owó orí ìjọba àpapọ̀, tí orúkọ rẹ̀ ti di Nigeria Revenue Service, àti tirẹ̀ fún ìpínlẹ̀. Kọ́ńpánì tí kò ní owó orí láti san gbọ́dọ̀ fi ìròyìn owó orí rẹ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀.

Èrò tèmi ni pé bí òwò yín kò bá ní gbèsè tó pọ̀, tí kò ní òṣìṣẹ́ púpọ̀, tí ohun tó ń tà kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní jàm̀bá, ẹ lè dúró lórí business name fún ìgbà díẹ̀ sí i. Ilé búrẹ́dì, ọkọ̀ èrò, ilé kíkọ́, ìpèsè oúnjẹ, àwọn òwò tí àṣìṣe ọjọ́ kan lè di ẹjọ́ ńlá, àwọn ni kò yẹ kó pẹ́ kí wọ́n tó di Limited.

Iṣẹ́ lọ́dọ̀ CAC fúnra rẹ̀ kò le. Ẹ ó béèrè orúkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá gbà á, wọ́n á fi pamọ́ fún yín fún 60 ọjọ́. Ẹ ó fi lẹ́tà ìfọwọ́sí ẹni tó ni business name ránṣẹ́, pé kọ́ńpánì lè lo orúkọ náà, àti pé business name máa kógbá wọlé. Ẹ ó kọ àwọn dáírẹ́kítọ̀, àdírẹ́sì, bí ìpín ṣe pín, àti ẹnikẹ́ni tó ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìpín. Ẹ má kọ àdírẹ́sì ibi tí ẹ kò sí.

Ẹ mú ọjọ́ kan tí òwò máa kúrò lórí orúkọ kan bọ́ sórí èkejì, kó wà nínú àdéhùn. Láti ọjọ́ yẹn, rìsíìtì tuntun, páálí tuntun tó ní nọ́ńbà RC, àkáǹtì báńkì tuntun ni kí ẹ lò. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà tó ń rajà àwìn kí wọ́n má san owó sínú àkáǹtì àtijọ́. Àwọn owó tó bá ṣì wọlé síbẹ̀, ẹ gbé wọn lọ sí ti kọ́ńpánì pẹ̀lú àkọsílẹ̀. Nígbà tí àkáǹtì náà bá ti gbẹ, ẹ fi ìwé ìdádúró òwò ránṣẹ́ sí CAC kí wọ́n yọ business name kúrò nínú ìwé wọn, torí bí ó bá ṣì wà níbẹ̀, ìròyìn ọdọọdún rẹ̀, tó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ CAC kí June 30 tó kọjá, yóò máa kó owó ìtanràn jọ. Yíyọ orúkọ kò pa gbèsè àtẹ̀yìnwá rẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wa, èèyàn lè pe ẹjọ́ lórí àdéhùn títí di ọdún mẹ́fà, nítorí náà ẹ di àwọn ìwé rìsíìtì àtijọ́ sínú àpótí kan, kí ẹ kọ ọdún sí i lára, kí ẹ má sì dáná sun wọ́n.